Bí O Bá Dín Ìrẹsì Kù, Dín Iyọ̀ Náà Kù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń lọ síléèwé káàkiri Ìlọrin, láti Òkèlélé dé Tánkè, láti Pàkátà dé Sábó-Òkè, iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn òbí yín ṣì ń rán yín sí mi nírọ̀lẹ́ bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé. Ìbéèrè tó ń dà yín láàmú jù lọ ni èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ: wọ́n á ní ẹnì kan po nǹkan báyìí mọ́ nǹkan báyìí, pé lọ́tẹ̀ yìí èròjà kan kò tó mọ́, mélòó ni kó wá fi sínú ìyókù? Ẹ mọ ìdá. Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀. Àmọ́ bí nọ́ńbà bá ti kó sínú ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ yín lójú.

Ẹ má rò pé inú bébà ìdánwò nìkan ni ìṣirò yìí ń gbé. Ẹ ó bá a pàdé nídìí ààrò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ fún yín.

1. Ka ìbéèrè náà tán kí o tó mú bírò. Ọ̀pọ̀ nínú yín, bí ẹ bá ti rí 2¼, ọwọ́ á ti máa yá yín láti sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ní sùúrù. Ká sọ pé ìyá onímásà kan ní Ọjà Ọba máa ń po ìrẹsì mọ́dù 3 pẹ̀lú ṣúgà ife 2¼, yíìsì ṣíbí 1½ àti iyọ̀ ṣíbí ¾. Lónìí, ìrẹsì mọ́dù 2 péré ló kù nílé. Ó fẹ́ kí másà náà dùn bó ṣe máa ń dùn. Mélòó mélòó ni kó fi sí i? Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá kí o tó kọ ohunkóhun: nǹkan mẹ́rin ló wà nínú àdàlù yìí, ọ̀kan ti dín kù, mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti lè sọ ọ́ báyìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

2. Wá ìdá kan ṣoṣo tó ń darí gbogbo rẹ̀. Ohun tí a ní nísinsìnyí ni kó wà lókè, ohun tí a máa ń lò tẹ́lẹ̀ ni kó wà nísàlẹ̀. Mọ́dù 2 lórí mọ́dù 3, ìdá méjì nínú mẹ́ta nìyẹn, ⅔. Bí o bá gbé e dorí kodò, 3/2 ni wàá rí, másà á sì pọ̀ sí i dípò kó dín kù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí o dín nǹkan kù, wo ìdá rẹ dáadáa: bí kò bá kéré ju 1 lọ, o ti gbé e gba ibi tí kò yẹ.

3. Má ṣe yọ iye kan náà kúrò lára gbogbo wọn. Lórí èyí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́, torí ibẹ̀ ni ọmọ tó mọ̀wé pàápàá ti máa ń ṣubú. Á ní, “Ìrẹsì fi mọ́dù 1 dín, ẹ jẹ́ kí n yọ 1 kúrò lára ìyókù.” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá a lọ. Ṣúgà 2¼, yọ 1, ó ku 1¼. Yíìsì 1½, yọ 1, ó ku ½. Iyọ̀ ¾, yọ 1. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pin, torí kò sí iyọ̀ tó kéré ju òdo lọ, ì báà jẹ́ ní Ọjà Ọba tàbí ní Ọjà Ìpàtà.

Kí ló fà á? Mọ́dù kan lára ìrẹsì mọ́dù 3 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ṣíbí kan lára yíìsì ṣíbí 1½ jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta tirẹ̀. Orúkọ 1 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n mú lọ kò dọ́gba rárá: ìrẹsì pàdánù díẹ̀, yíìsì pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Báwo wá ni másà náà ṣe máa wú? Adùn oúnjẹ kò sí nínú iye ṣíbí tí a dà sínú ìkòkò. Inú bí ìrẹsì, ṣúgà àti iyọ̀ ṣe bá ara wọn mu ló wà. Bí a bá fẹ́ kí ìbámu yẹn dúró bó ṣe wà, ìdá kan náà ni kí gbogbo wọn fi dín kù.

Mo ti rí ọmọ tó gba èyí lẹ́nu mi tó sì tún lọ yọ 1 nínú ìdánwò, torí ìyọkúrò yá ju ìsọdipúpọ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí yíyá yẹn tàn yín.

4. Sọ nọ́ńbà tó ní odidi àti ìdá di ìdá lásán kí o tó ṣe ìsọdipúpọ̀. 2¼ jẹ́ ìdá mẹ́rin-mẹ́rin lọ́nà mẹ́sàn-án, 9/4. Sọ 2/3 di púpọ̀ pẹ̀lú 9/4: òkè pẹ̀lú òkè jẹ́ 18, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀ jẹ́ 12. 18/12 jẹ́ 1½. Ṣúgà di ife 1½. Yíìsì 1½ jẹ́ 3/2, pẹ̀lú 2/3, ó di 6/6, ṣíbí 1 géérégé. Iyọ̀ ¾ pẹ̀lú 2/3 jẹ́ 6/12, ṣíbí ½. Ẹ rí i pé kò sí èyí tó burú nínú wọn.

Má kọ “1½” lásán sínú ìdáhùn. Ife ni àbí ṣíbí? Olùyẹ̀wò kò sí nínú ọkàn rẹ.

5. Yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Mú ṣúgà àtijọ́, pín in sí ìrẹsì àtijọ́: 2¼ nínú 3 jẹ́ ¾, ìyẹn ni pé mọ́dù ìrẹsì kan ń gba ṣúgà ife ¾. Mú ṣúgà tuntun, pín in sí ìrẹsì tuntun: 1½ nínú 2 jẹ́ ¾. Wọ́n dọ́gba. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún yíìsì, ½ àti ½. Fún iyọ̀, ¼ àti ¼. Bí wọn kò bá dọ́gba, padà sẹ́yìn. Kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì sí olùkọ́ tó lè bá ọ jiyàn lẹ́yìn rẹ̀.

6. Ohun ìwọ̀n kan náà ni kí o lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mọ́dù tí wọ́n bù ní gegele lọ́jà kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a fọwọ́ gbá orí rẹ̀ dọ́gba nílé. Bí ìyá bá fi gegele wọn ìrẹsì àná, gegele ni kó fi wọn tòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé kéwú ṣáà mọ̀ pé múdù Ànábì tí a fi ń yọ sàká fítírì kì í ṣe mọ́dù ọjà. Bí ọwọ́ méjì àgbà ọkùnrin ṣe lè bu oúnjẹ tó ni, mẹ́rin rẹ̀ ló sì jẹ́ sáà kan. Ẹni tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìṣirò kan ṣoṣo, kò sí ìdá tó lè gbà á.

7. Mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdá lára gbogbo àdàlù àti ìdá lára èròjà kejì. Ibi iṣẹ́ birikilà ni mo ti máa ń fi èyí han àwọn ọmọ. Kọnkéré tí wọ́n ń pè ní 1:2:4 túmọ̀ sí pé bí sìmẹ́ǹtì bá jẹ́ páànù kan, yanrìn á jẹ́ méjì, òkúta gíráńnáìtì á jẹ́ mẹ́rin. Bí mo bá bi yín pé ìdá mélòó lára àdàlù náà ni yanrìn, ọ̀pọ̀ á kígbe pé ìdajì, torí wọ́n rí 2 àti 4. Rárá. Ìdajì òkúta ni. Lára gbogbo rẹ̀, 1 pẹ̀lú 2 pẹ̀lú 4 jẹ́ 7, nítorí náà yanrìn jẹ́ ìdá méjì nínú méje. Bí gbogbo páànù bá jẹ́ 21, apá kan jẹ́ 3: sìmẹ́ǹtì 3, yanrìn 6, òkúta 12. Bí iṣẹ́ bá kéré tó jẹ́ pé páànù 14 ni wọ́n fẹ́ kó jọ, 14 lórí 21 tún jẹ́ ⅔. Sìmẹ́ǹtì 2, yanrìn 4, òkúta 8.

Ẹ tún mọ ohun kan tí ìwé ìṣirò kì í sábà sọ. Páànù 7 tó gbẹ, bí a bá da omi sí i tí a pò ó, kì í kún páànù 7. Yanrìn á wọ inú àlàfo òkúta, sìmẹ́ǹtì á wọ inú àlàfo yanrìn, nǹkan bíi páànù 4½ ló máa ń dà. Lébìrà tó ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ mọ̀ ọ́n láìka ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín àti òye tirẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀.

8. Bí ó bá kan ìlera, má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Bí ọmọdé bá ń yàgbẹ́ gbuuru tí a kò sì tíì rí ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì, rà, omi iyọ̀ àti ṣúgà ni a máa ń pò fún un nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ irú ìtọ́jú yìí gan-an ní Nàìjíríà. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ṣíbí tíì ½, kí ṣíbí náà kún dọ́gba, kí ó má ṣe gegele.

Omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń pè ní píọ̀ wọ́tà, 50cl ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Ìdajì lítà nìyẹn. Bí ọ̀rá kan ni o bá fẹ́ lò, ìdá rẹ jẹ́ ½: ṣúgà ṣíbí 3, iyọ̀ ṣíbí ¼. Bí o bá wá dín omi àti ṣúgà kù, tí o sì gbàgbé iyọ̀ sí ½ tó wà tẹ́lẹ̀, ńṣe ni iyọ̀ náà di ìlọ́po méjì ohun tó yẹ nínú ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà ló ń ran iyọ̀ lọ́wọ́ láti gba ara ìfun kọjá, omi á sì tẹ̀ lé wọn wọnú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe nìyẹn. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù á máa fa omi jáde kúrò nínú ara ọmọ tí omi ti tán lára rẹ̀, ó sì lè kó gìrì bá a. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù á mú ìgbẹ́ gbuuru náà le sí i. Ìṣirò tí wọ́n á fún ọ ní máàkì méjì lé lórí níléèwé, ọmọ ni yóò fi ara gbà á nílé bí o bá ṣì í.

Bí ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì bá sì wà, wo iye omi tí wọ́n kọ sí i lára. Bí wọ́n bá ní lítà 1, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 2 ni. Da gbogbo ìyẹ̀fun náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Má gbìyànjú láti pín ìyẹ̀fun sí méjì lójú lásán, torí kò sí bí o ṣe lè mọ̀ bóyá iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ pín dọ́gba. Bí ó bá ti pé wákàtí 24, da èyí tó kù nù, kí o po òmíràn. Kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn bí kò bá lè mu omi, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀.

9. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń bá ìdá dín kù. Másà mọ́dù 3 tó gba wákàtí mẹ́fà kó tó wú, kì í ṣe wákàtí mẹ́rin ni mọ́dù 2 máa gbà. Yíìsì kò mọ̀ pé ìrẹsì dín. Bákan náà ni iná ààrò. Bí ìbéèrè bá dárúkọ àkókò tàbí bí iná ṣe gbóná tó, bi ara rẹ léèrè bóyá ó wà lára ohun tí a ń pò pọ̀ ni.

10. Ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà “èyí tó kù.” Nínú ààwẹ̀, ilé kan po sóbò lítà 8 de ìṣínu. Àwọn ọmọ bu lítà 2 mu, wọ́n sì rọra da omi lítà 2 sí i kí ìyá má baà mọ̀. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìdá mélòó sóbò gidi ló kù? Ẹni tó bá yára á ní ó ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó ku ìdajì. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe sóbò gidi ni wọ́n bù, àdàlù ni. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, ó ku ¾. Lẹ́yìn ìkejì, ó ku ¾ ti ¾, ìyẹn 9/16. Ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní “èyí tó kù,” ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe ìyọkúrò.

11. Ọ̀nà tí o gbà wá kọ́ ni o máa gbà padà. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín másà kù, tí a sì fẹ́ dá a padà, a kò ní fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Mọ́dù 2, bí o bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un, ó jẹ́ 2⅔, kò tíì pé 3. Ìdajì ni wàá fi kún un. Ìdá tó dín in kù jẹ́ 2/3, èyí tó máa dá a padà jẹ́ 3/2.

12. Mú ìṣirò yìí dé ilé kéwú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ṣáájú kí iléèwé ìjọba tó dé Ìlọrin. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, tó kọ ìwé àljẹ́bírà ní Bagdad ní nǹkan bíi 820, fi apá tó pọ̀ nínú ìwé náà ṣe ìṣirò ogún. Títí di òní, abala 277 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún Kootu Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà lágbára lórí ogún Mùsùlùmí. Iṣẹ́ ìdá lọ́tùn-ún lósì ni.

Ẹ wo èyí. Obìnrin kan kú, kò bímọ, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ó fi ọkọ àti ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀ obìnrin méjì sílẹ̀. Ìpín ọkọ jẹ́ ½, ìpín àwọn obìnrin méjèèjì jẹ́ ⅔. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 3/6 pẹ̀lú 4/6 jẹ́ 7/6. Ìpín ti ju ogún lọ. Ta ni kí a yọ ọ́ lára rẹ̀? Ní ìgbà tí Sàyídínà Umar jẹ́ kálífà, tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn jọ dín kù, kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kúrò ní 6, kó di 7. Àwọn àfáà ń pè é ní al-ʿawl. Bí ogún bá jẹ́ ₦700,000, ọkọ á gba 3/7, ₦300,000, àwọn obìnrin á gba 4/7, ₦400,000, èyí tí í ṣe ₦200,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdajì tó yẹ kí ọkọ gbà jẹ́ ₦350,000. Ẹ pín 300 sí 350, ẹ ó rí 6/7. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin, 6/7 kan náà ni ẹ ó rí. Kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ìdá kan náà ló dín gbogbo wọn kù, bí ìrẹsì, ṣúgà àti iyọ̀ ìyá onímásà.

Èyí tó kù jẹ́ tiyín. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá sílẹ̀. Ìyàwó ní ⅛, àwọn ọmọbìnrin ní ⅔ pa pọ̀, bàbá ní 1/6, ìyá ní 1/6. Ìtàn sọ pé orí mínbárì ni Sàyídínà Alíyù wà nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè yìí, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ti ìyàwó náà ti di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ẹ fi 24 ṣe nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ẹ ro ìpín wọn pọ̀, kí ẹ sì fi iṣẹ́ yín hàn mí nírọ̀lẹ́ ọ̀la pé òótọ́ ló sọ.